Wọ́n ní àfi kí wọ́n fọ́máàtì láptọ́ọ̀pù ilé wa: kí ni kí n kọ́kọ́ ṣe?

Ìyá Ìbejì Apáta

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Láti ọjọ́ Àìkú ni láptọ́ọ̀pù ilé wa ti kọ̀ tí kò ṣí mọ́. Bí mo bá ti tàn án, á kọ HP, á wá kọ "Preparing Automatic Repair", àwọn nǹkan funfun kéékèèké á máa yí po nísàlẹ̀, wákàtí kan á kọjá, kò ní kúrò lójú kan. Bí mo bá pa á tí mo tún tàn án, ibi kan náà ni. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹnì kan tó ń tún un ṣe. Kò wò ó tó ìṣẹ́jú márùn-ún tó fi ní Windows rẹ̀ ló ti bàjẹ́, pé kí n fi sílẹ̀, òun á fọ́máàtì rẹ̀, òun á sì fi tuntun sí i kí ilẹ̀ tó ṣú. Ọkàn mi ò balẹ̀. Mo bá gbé nǹkan mi, mo padà sílé.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù rèé. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àdúgbò wa. Ìwé owó àwọn ọmọ ẹgbẹ́ láti 2018, orí Excel ló wà, inú láptọ́ọ̀pù yẹn nìkan. Èkejì ni pé olóògbé bàbá àwọn ìbejì ka oríkì ìdílé wọn sínú rẹ̀ kó tó di pé àìsàn dá a dúbúlẹ̀. Ohùn rẹ̀ gan-an ni, ó tó bí ogójì ìṣẹ́jú. Orí Desktop ni mo kó gbogbo rẹ̀ sí kí n lè máa rí i. Ṣé bí wọ́n bá fọ́máàtì rẹ̀, ohun tó wà lórí Desktop á ṣì wà níbẹ̀? Windows 10 ni. HP i5 ni, tòkunbọ̀ la rà á ní 2017, RAM rẹ̀ 8 GB. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i.

Atúnkọ̀ǹpútàṣe Mọ́kọ́lá

Ẹ kú ìnira mà. Ẹ ṣeun tí ẹ gbé e padà sílé.

Rárá o, bí wọ́n bá fọ́máàtì rẹ̀, ohun tó wà lórí Desktop á lọ. Èyí ló ń ṣi ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́nà: nítorí pé ojú la ti ń rí Desktop, wọ́n á rò pé kò sí lára ohun tí wọ́n fẹ́ pa rẹ́. Desktop, Documents, Pictures, Downloads, inú fóódà kan tó ń jẹ́ Users ni gbogbo wọn wà. Users yẹn wà nínú C, ilé kan náà tí Windows ń gbé. Ẹni tó bá ní òun fẹ́ wó ilé kí òun tún un kọ́, ó yẹ kó kọ́kọ́ bi onílé bóyá ẹrù wà nínú yàrá.

Bí a bá ń sunkún, à sì máa ríran, mà. Iṣẹ́ méjì ló wà níbí, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pa wọ́n pọ̀ fún yín. Kíkó ẹrù jáde ni àkọ́kọ́. Fífi Windows tuntun sí i ni ìkejì, ìyẹn ò le rárá, ọmọ ilé ìwé lè ṣe é. Bí ti àkọ́kọ́ ò bá tíì parí, tí ẹ ò tíì fi ojú ara yín ṣí àwọn fáìlì yẹn lórí kọ̀ǹpútà mìíràn, ẹ má fọwọ́ kan ìkejì.

Ẹ dá mi lóhùn nǹkan mẹ́ta. Bí ẹ bá gbé etí sí i nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́, ṣé ohun kan ń dún kẹ̀, kẹ̀, kẹ̀ nínú rẹ̀? Ṣé ẹ ní D, ìyẹn apá mìíràn tí wọ́n pín dísìkì sí, yàtọ̀ sí C? Ṣé ẹ ní fláàṣì tó ṣófo?

Akẹ́kọ̀ọ́ Agbowó

Òótọ́ ni ẹ̀gbọ́n sọ. Màámi, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó ṣẹlẹ̀ sí mi, kó má bàa ṣẹlẹ̀ sí yín.

Lọ́dún tí mo ń kọ iṣẹ́ àṣekágbá ní yunifásítì, kọ̀ǹpútà mi bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ nílẹ̀ bí ìgbín. Mo ní kí n tún Windows rẹ̀ fi sí i fúnra mi. Mo kó orí kìíní dé orí kẹrin sórí fláàṣì 16 GB, ọkàn mi balẹ̀. Ṣùgbọ́n fláàṣì kan ṣoṣo ni mo ní. Lọ́jọ́ kejì, fláàṣì yẹn kan náà ni mo lò láti fi ṣe èyí tí wọ́n fi ń gbé Windows wọlé. Ètò yẹn kìlọ̀ fún mi lójú ẹ̀rọ pé gbogbo ohun tó wà lórí fláàṣì ni òun máa pa rẹ́. Mo tẹ Next, nítorí láti òwúrọ̀ ni mo ti ń tẹ Next. Nígbà tí mo máa fi rántí, mo ti pa C náà rẹ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi jókòó tún orí mẹ́rin kọ láti inú bébà tí ọ̀gá mi ti fi bírò pupa sàmì sí.

Fláàṣì méjì ni ẹ máa nílò, mà. Ọ̀kan fún ẹrù, ọ̀kan fún ohun tí ẹ fẹ́ fi tan ẹ̀rọ. Ẹ lẹ bébà mọ́ wọn lára kí ẹ kọ orúkọ wọn sí i.

Ìyá Ìbejì Apáta

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ọmọ mi. Mo gbé etí sí i lóru àná nígbà tí gbogbo ilé ti dákẹ́. Ó ń dún lóòótọ́. Kì í ṣe lemọ́lemọ́ o, á dún lẹ́ẹ̀mẹ́ta, á dákẹ́, á tún dún. Kò sí D. Fláàṣì 32 GB kan wà lọ́wọ́ Táyé, a máa ra ọ̀kan sí i. Bátìrì láptọ́ọ̀pù yìí ò gbé ìṣẹ́jú mẹ́wàá mọ́, bí iná bá ti lọ ló ń kú. Ṣé ìyẹn ò ní dí wa lọ́wọ́?

Atúnkọ̀ǹpútàṣe Mọ́kọ́lá

Ìró yẹn ni kí ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú, mà. Hádì dísìkì tó wà nínú tiyín, irú tó ní àwo tó ń yí nínú ni. Apá tínrín kan wà lórí àwo yẹn tó ń ka ohun tí a kọ sí i. Bí apá yẹn bá dé ibi tó ti bàjẹ́ tí kò rí nǹkan kà, á padà sẹ́yìn, á tún gbìyànjú. Ìpadàsẹ́yìn yẹn ni ẹ ń gbọ́. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òun náà ni kò jẹ́ kí Automatic Repair kúrò lójú kan: ó ń fẹ́ ka ibi tí kò ṣeé kà mọ́.

Ìyẹn ni pé ó lè má jẹ́ Windows ló ń ṣàìsàn. Ká ní wọ́n ti fọ́máàtì rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, ó lè ṣí, ẹ lè san owó, ẹ lè dúpẹ́, kó tún kú kí oṣù tó parí. Ohùn bàbá ti lọ nígbà náà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tàn án wò mọ́ títí ẹ ó fi ṣe tán láti kó ẹrù. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá tàn án, ẹ ń jẹ nínú ìwọ̀nba ọjọ́ tó kù fún un.

Bí èmi ṣe ń kó ẹrù irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ nìyí. Mo máa ń fi fláàṣì Windows tàn án, kì í ṣe láti inú hádì dísìkì rẹ̀. Bí ojú tó ń béèrè èdè bá ti jáde, mo tẹ Shift pẹ̀lú F10 lẹ́ẹ̀kan náà, pátákó dúdú kan á ṣí. Mo kọ notepad síbẹ̀, mo tẹ Enter. Nínú Notepad, mo lọ sí File, mo tẹ Open, mo yí "Text Documents" tó wà nísàlẹ̀ padà sí "All Files". Gbogbo fóódà inú ẹ̀rọ á jáde. Mo fi ọwọ́ ọ̀tún tẹ èyí tí mo fẹ́, mo mú Copy, mo lọ sórí fláàṣì kejì, mo mú Paste. Ẹ má jẹ́ kí lẹ́tà dà yín láàmú, ohun tó ń jẹ́ C nílé yín lè máa jẹ́ D níbẹ̀. Àléébù rẹ̀ ni pé kò ní fi bó ṣe ń kó o hàn yín. Ojú rẹ̀ á dà bíi pé ó ti gan, bẹ́ẹ̀ ó ń ṣiṣẹ́.

Ti iná: ẹ má gbára lé iná tí ẹ ò mọ ìgbà tó máa lọ. Ẹ wá ilé tó ní íńvátà, tàbí kí ẹ tan jẹnẹrétọ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì rí i pé epo inú rẹ̀ tó.

Ẹ̀gbọ́n Bódìjà

Ọ̀nà Notepad yẹn dára fún ẹni tó mọ̀ ọ́n, àmọ́ mi ò ní fi í lé màmá lọ́wọ́. Bí ọwọ́ bá ṣì pátákó dúdú yẹn, tí èèyàn bá padà sójú ibi tí wọ́n ti ń fi Windows sí i, tó sì tẹ ohun tí kò yẹ, ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́. Mo fara mọ́ Linux Mint.

Mint jẹ́ ètò bíi Windows, ọ̀fẹ́ ni, ó sì lè ṣiṣẹ́ láti orí fláàṣì láì fọwọ́ kan ohunkóhun nínú ẹ̀rọ. Ẹ gbà á láti ìkànnì Linux Mint fúnra rẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 3 GB, dátà òru ni kí ẹ fi gbà á. Rufus, ètò kan tó ń sọ fláàṣì di ohun tí a lè fi tan ẹ̀rọ, ni ẹ ó fi gbé e sórí fláàṣì lórí kọ̀ǹpútà aládùúgbò. Ẹ ki fláàṣì náà bọ HP yín, ẹ tàn án, kí ẹ sì máa tẹ Esc lemọ́lemọ́ láti ìgbà tí iná rẹ̀ bá ti yọ. Ojú kan á jáde, ẹ tẹ F9, ẹ mú fláàṣì. Ẹni tó ń lo Dell tàbí Lenovo, F12 ni tiyín.

Bí Mint bá ṣí tán, ẹ ó rí àwòrán kan lójú rẹ̀ tí a kọ "Install Linux Mint" sí. Ẹ má tẹ̀ ẹ́ o. Ẹ ṣí ibi fóódà, hádì dísìkì yín á wà lápá òsì, ẹ wọ inú Users, ẹ wọ orúkọ yín, ẹ wọ Desktop. Ó lè sọ fún yín pé òun kàn lè ka ohun tó wà níbẹ̀, pé òun ò lè kọ nǹkan sí i. Kò burú, kíkà la fẹ́.

Ẹ má kó gbogbo Desktop lẹ́ẹ̀kan. Oríkì bàbá ni kí ẹ kọ́kọ́ kó, òun nìkan. Bó bá dé orí fláàṣì, ẹ tẹ̀ ẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, ìwé ẹgbẹ́. Ẹ̀yìn ìyẹn ni àwòrán. Bí dísìkì bá máa kú, kó kú sórí àwòrán ìnáwó, kó má kú sórí ohun tí ẹ ò lè rí mọ́.

Olùṣirò Dùgbẹ̀

Mo fẹ́ fi kún un fún àwọn tí ẹ̀rọ wọn ṣì ń ṣí, nítorí ohun tí kì í ṣe fáìlì la máa ń gbàgbé. Kí ẹ tó pa nǹkan rẹ́, ẹ kọ àwọn wọ̀nyí sórí bébà: pásíwọ́ọ̀dù tí Chrome ń bá yín rántí, pásíwọ́ọ̀dù Wi-Fi, orúkọ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé yín, àti nọ́ńbà ètò yòówù tí ẹ fi owó rà. Ẹni tó ń lo ètò ìṣirò owó, ẹ má gbà pé inú Documents ni fáìlì ilé iṣẹ́ yín wà. Ẹlòmíràn máa ń fara pamọ́ sínú fóódà ètò náà nínú C. Ẹ ṣí ètò yẹn, ẹ lo Backup tirẹ̀.

Ẹ tún wò ó bóyá wọ́n ti ti hádì dísìkì yín pa. BitLocker ni wọ́n ń pè é. Láptọ́ọ̀pù tuntun tí èèyàn bá fi àkántì Microsoft wọlé sí sábà máa ń ti ara rẹ̀ pa láìsọ fún onílé. Nọ́ńbà gígùn tó ní díjíìtì 48 ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Inú àkántì Microsoft yẹn ni wọ́n máa ń fi pamọ́ sí, lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ wá a, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Bí kò bá sí nọ́ńbà yẹn, Mint náà ò ní rí nǹkan kà.

Arìnrìnàjò Ring Road

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé mo já wọ inú ọ̀rọ̀ màmá. Tèmi ń ṣí, Windows 11 ni, ó kàn ń lọ́ra ni, àwọn nǹkan tí mi ò pè sì ń ṣí fúnra wọn. Ṣé èmi náà gbọ́dọ̀ wá fláàṣì?

Atúnkọ̀ǹpútàṣe Mọ́kọ́lá

Ẹ lè má nílò rẹ̀, ẹ̀gbọ́n. Ẹ wọ Settings, System, Recovery, ẹ mú "Reset this PC". Á bi yín bóyá kí òun fi fáìlì yín sílẹ̀ tàbí kí òun kó gbogbo rẹ̀ dànù. "Keep my files" á fi ohun inú Documents àti Desktop sílẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo ètò tí ẹ fi sí i á lọ. Ẹ ṣì gbọ́dọ̀ kó ẹrù jáde kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́, nítorí bí iná bá lọ láàárín rẹ̀, kò sí ẹni tó lè ṣe onídùúró. Bó bá wá bi yín "Cloud download" tàbí "Local reinstall", ẹ mọ̀ pé ti àkọ́kọ́ á gba ohun tó tó 4 GB dátà. Nítorí pé àwọn nǹkan kan ń ṣí fúnra wọn, èmi á kó ẹrù jáde, n ó mú "Remove everything".

Ìyá Ìbejì Apáta

Ẹ bá mi yọ̀.

Ọjọ́ Ẹtì ni a ṣe é. Ilé aládùúgbò wa tó ní íńvátà la gbé e lọ, nítorí wọ́n mú iná lọ ní bí aago mẹ́jọ alẹ́, a ò sì fẹ́ dúró dè é. Táyé ló ń tẹ Esc, Kẹ́hìndé ló di fláàṣì mú bíi pé ó lè sá lọ. Ìgbà àkọ́kọ́ kò mú un, HP kọjá lọ sí Automatic Repair tirẹ̀, a sáré pa á. Ìgbà kejì ló gbà.

Bí ẹ ṣe wí la ṣe. A ò wo ohun mìíràn, oríkì la kọ́kọ́ kó. Ọ̀pá tó ń fi bó ṣe ń lọ hàn rìn dé ìdajì, ó dúró. Ó dún kẹ̀, kẹ̀, kẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ nínú yàrá. Ó tó bí ìṣẹ́jú mẹ́rin kó tó tún rìn, ó sì parí. Táyé tẹ̀ ẹ́ láti orí fláàṣì. Bàbá wọn kọ́kọ́ wúkọ́ díẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe bó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ àgbà, ó wá bẹ̀rẹ̀ láti orí bàbá bàbá rẹ̀. Kẹ́hìndé dìde jáde lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Ìwé ẹgbẹ́ náà jáde láìsí wàhálà. Nínú àwòrán, méjìdínlógún kọ̀, ó ní òun ò lè kà wọ́n, a sì fi wọ́n sílẹ̀. Oríkì ti wà lórí fláàṣì, lórí fóònù àwọn méjèèjì, àti lórí Google Drive mi. Wọ́n ní 15 GB ni wọ́n ń fún èèyàn lọ́fẹ̀ẹ́ níbẹ̀, mi ò mọ̀ pé mo ní nǹkan bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí mo ti ń lo fóònù yìí.

Ọkàn mi ti balẹ̀ báyìí. Kí ni kí n ṣe sí láptọ́ọ̀pù náà?

Atúnkọ̀ǹpútàṣe Mọ́kọ́lá

Ọlọ́run ṣeun. Mà, ẹ yọ hádì dísìkì yẹn, ẹ fi í sínú àpò kan nílé, ẹ má jù ú nù nítorí àwòrán méjìdínlógún yẹn. Ẹ ra SSD, irú dísìkì tuntun, tó tóbi tó ínṣì 2.5, onísọ́kẹ́ẹ̀tì SATA, ojú ibi tí dísìkì àtijọ́ wà ló máa jókòó sí. 256 GB tó fún ohun tí ẹ ń ṣe. SSD kò ní ohun tó ń yí nínú, ẹ̀rọ yín á yára ju bó ṣe wà nígbà tí ẹ rà á lọ.

Bí ẹ bá lọ rà á ní agbègbè Queen Cinema, ẹ má gbé e lọ sílé láì wò ó. Ẹ ní kí wọ́n so ó mọ́ kọ̀ǹpútà wọn, kí wọ́n ṣí CrystalDiskInfo, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ wo ibi tí a kọ "Power On Hours" sí. Tuntun kò gbọ́dọ̀ ju wákàtí mélòó kan lọ. Bí ẹ bá rí ẹgbẹẹgbẹ̀rún níbẹ̀, ẹnì kan ti lò ó kí wọ́n tó fi ọ̀rá tuntun wé e.

Ó wá ku ètò tí ẹ máa fi sí i. i5, ọpọlọ ẹ̀rọ yín tí Intel ṣe, tí ẹ rà ní 2017 ní tòkunbọ̀ kò lè jẹ́ ìran kẹjọ, nítorí ìdajì kejì ọdún yẹn ni ìran kẹjọ ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde. Windows 11 sì ń béèrè ìran kẹjọ Intel sókè pẹ̀lú TPM 2.0, ẹ̀yà ààbò kan nínú ẹ̀rọ. Rufus lè bá yín fo àyẹ̀wò yẹn. Mo ti ṣe é fún àwọn kan, ó sì ń ṣiṣẹ́. Bí ẹ bá fẹ́ dúró lórí Windows 10, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lè wà nínú bọ́ọ̀dù ẹ̀rọ fúnra rẹ̀. Àtìgbà Windows 8 ni àwọn tó ń ṣe láptọ́ọ̀pù ti ń fi í síbẹ̀. Bó bá béèrè nọ́ńbà, ẹ tẹ "I don't have a product key", ẹ mú irú kan náà tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, Home tàbí Pro, á dá ara rẹ̀ mọ̀ bó bá ti rí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ má gbà kí ẹnikẹ́ni fi ètò tó ń jí Windows ṣí sínú ẹ̀rọ tí owó ẹgbẹ́ wà. Ibẹ̀ gan-an ni kòkòrò máa ń gbà wọlé.

Ẹ̀gbọ́n Bódìjà

Àbúrò, níbi Rufus yẹn ni mi ò ti bá ọ lọ. Microsoft sọ pé àwọn ò ṣèlérí àtúnṣe fún ẹ̀rọ tí kò tó ìwọ̀n Windows 11. Ọdún tó ń bọ̀ ó lè kọ àtúnṣe kan, ta ni màmá máa pè? Windows 10 náà, 14 oṣù kẹwàá 2025 ni wọ́n dá àtúnṣe rẹ̀ dúró. Ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀ fún ESU, ètò àfikún àtúnṣe ààbò ti Microsoft, ló ń rí i gbà di oṣù kẹwàá 2026.

Mà, ẹ ti rí Mint tó ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ yín. Mint 22 á máa rí àtúnṣe gbà di 2029. Ohun tí ẹ ń ṣe kò ju Excel, íntánẹ́ẹ̀tì àti títẹ ìwé jáde lọ. LibreOffice wà nínú rẹ̀, ó ń ṣí fáìlì Excel. Ẹ dán an wò kí ẹ tó gbà mí gbọ́: ẹ tún fi fláàṣì tàn án, ẹ ṣí ìwé ẹgbẹ́ yẹn, ẹ fi àròpọ̀ rẹ̀ wé ti bébà ìpàdé tó kọjá. Bí kọ́bọ̀ kan bá yàtọ̀, ẹ fi Windows sí i.

Atúnkọ̀ǹpútàṣe Mọ́kọ́lá

Mo gbà fún yín níbi ti màmá, ẹ̀gbọ́n.

Fún ẹni tó máa fi Windows sí tirẹ̀, ibi kan péré ni mo fẹ́ kí ẹ ti fara balẹ̀. Bí ẹ bá dé ojú tó to àwọn apá dísìkì sílẹ̀, "Drive 0 Partition 1", "Partition 2", bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ gbé ọwọ́ kúrò lórí Enter. Ẹ yọ gbogbo hádì dísìkì ìta tí ẹ ti kó ẹrù sí, kí ojú yẹn má tilẹ̀ rí i. Ẹ fi ìtóbi mọ èyí tó jẹ́ tiyín. Ẹni tó ní D tó sì pa gbogbo Partition rẹ́, D ti bá a lọ.

Bí ẹ bá sì dé ojú yẹn tí kò sí dísìkì kankan níbẹ̀, ẹ má rò pé ó ti kú. Láptọ́ọ̀pù Intel ìran kọkànlá sókè máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Dráífà Intel RST, ètò kékeré tó ń jẹ́ kí Windows rí dísìkì, ló ń béèrè. Ẹ gbà á láti ìkànnì ẹni tó ṣe ẹ̀rọ yín, ẹ tú u sórí fláàṣì, ẹ tẹ "Load driver".

Akẹ́kọ̀ọ́ Agbowó

Bí Windows bá wọlé tán tí kò rí Wi-Fi, ẹ fi okùn ṣáájà so fóònù yín mọ́ ọn, ẹ tan "USB tethering" nínú fóònù. Á fi dátà fóònù wá dráífà Wi-Fi fúnra rẹ̀. Ọjọ́ méjì ni mo fi wá a kí ẹnì kan tó sọ fún mi.

Ìyá Ìbejì Apáta

A ti fi Mint sí i. Ọjọ́ Ajé ni mo ra SSD. Ẹni tí mo kọ́kọ́ bá kọ̀ láti so ó mọ́ kọ̀ǹpútà fún mi, mo kúrò níbẹ̀. Ẹnì kejì so ó, òdo ló wà níbi wákàtí. Táyé ló tú ìdí láptọ́ọ̀pù, nọ́ọ̀tì mọ́kànlá, ó tò wọ́n sórí bébà bó ṣe yọ wọ́n. Fífi Mint sí i kò tó ogún ìṣẹ́jú. Ó ń ṣí báyìí kí n tó jókòó dáadáa.

Àròpọ̀ owó ẹgbẹ́ bá ti bébà mu géérégé. Nǹkan kan ṣoṣo ló ku tó ń dà mí láàmú: ọjọ́ tí wọ́n sanwó ti yí padà. Ẹni tó san ní ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹta, 03/05 ló ń kọ, a máa ń kọ ọ́ ní 05/03. Ṣé ọjọ́ yẹn ti bàjẹ́ ni? Mo tún fẹ́ mọ bí mo ṣe lè fi àmì sórí ọ̀rọ̀ Yorùbá, orúkọ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ń dùn mí bí mo ṣe ń kọ wọ́n láìlámì.

Ẹ̀gbọ́n Bódìjà

Kò bàjẹ́, mà. Ọ̀nà tí Amẹ́ríkà ń gbà kọ ọjọ́ ló ń lò. Nínú LibreOffice, ẹ lọ sí Tools, Options, Languages and Locales. Níbi tí a kọ Locale sí, ẹ yí i padà sí English (Nigeria). Oṣù á padà sẹ́yìn ọjọ́ bí ẹ ṣe mọ̀ ọ́n. Kí ẹ tó tọ́jú fáìlì náà, ẹ wo orúkọ mẹ́ta mẹ́rin pẹ̀lú bébà.

Ti àmì ohùn, ẹ wọ ibi kíbọ́ọ̀dù nínú System Settings, ẹ tẹ Layouts, ẹ fi ti Nàìjíríà tí a kọ Yoruba sí kún un. Bọ́tìnnì Alt ọwọ́ ọ̀tún ni ẹ ó máa dì mú fún àmì.

Ìyá Ìbejì Apáta

Ọjọ́ ti padà sípò. Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orúkọ wọn láti orí A, mo ti dé Àdùkẹ́.